Ẹ Bi Ìyá Oníwọ̀: Ẹja Orí Òkè Tó Ń Jẹ Ìyẹ́ Àkùkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Lóṣù tó kọjá, níbi tí mo ti ń dáhùn ìbéèrè lórí ẹja yíyan, ó bọ́ lẹ́nu mi pé nígbà tí mo ń se oúnjẹ nílé àlejò kan lórí òkè Pyrénées ní ilẹ̀ Faransé, ìwọ̀ tí wọ́n we ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ni àwọn àlejò wa fi ń pẹja. Àṣé mo ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà yín kò jẹ́ kí n sinmi, láti Kétu, láti Àjàṣẹ́, títí dé àdúgbò mi níbí ní Sábẹ̀. Ẹja tí mo ń wí ni trout, èyí tí àwa tó jókòó sí kíláàsì Faransé mọ̀ sí truite. Mo mú márùn-ún nínú ìbéèrè yín. Àwọn tó kù, ibì kan náà ni wọ́n ń já sí.

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Mo rí fídíò kan lórí fóònù, ọkùnrin kan dúró nínú omi tó dé e lórúnkún, ó ń ju okùn síwájú sẹ́yìn bí ẹni tó ń na màlúù tí kò sí níbẹ̀. Kò sí ekòló lẹ́nu ìwọ̀, kò sí òjé. Báwo ni ohun tí kò wúwo ju ìyẹ́ lọ ṣe ń lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Kí sì ni ẹja rí lára rẹ̀ tó fi ń gbé e mì?*

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Inú mi dùn pé Kétu ni ìbéèrè odò ti kọ́kọ́ wọlé, ìlú tí àwọn ìyá wa ti fi kànga jíjìn àti omi òjò gbé ilé ró láti ayébáyé. Ẹni tí omi wọ́n fún mọ bí a ti í wo omi.

Okùn ni kí ẹ wò, ẹ má wo ìwọ̀. Níbí, òjé tàbí ìdẹ ló máa ń wúwo, okùn á sì tẹ̀ lé e lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, okùn gan-an ló wúwo. Ó nípọn, wọ́n fi ike bò ó, gbogbo gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 27. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó mítà méjì ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó sì ń tẹ̀. Bí ẹ bá gbé okùn sẹ́yìn, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ọ̀pá kọdọrọ. Nígbà tí ọ̀pá bá ń nà padà, á ta okùn síwájú. Ìwọ̀ kàn ń bá wọn rìn ni. Láàárín okùn yìí àti ìwọ̀ ni wọ́n so ọ̀rá tín-ín-rín kan sí, bíi mítà mẹ́ta, tí ẹnu rẹ̀ níbi ìwọ̀ kò nípọn ju 0.14 mìlímítà lọ, kí ẹja má bàa fura.

Baálé ilé àlejò náà kọ́ mi lórí koríko lẹ́yìn ilé ìdáná. Òwú pupa ló so sí ẹnu okùn dípò ìwọ̀. “Sẹ́yìn. Dúró. Síwájú.” Ohun tó ń wí náà nìyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. “Dúró” yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Bí okùn kò bá tíì nà tán lẹ́yìn ẹni tí èèyàn fi dá a padà, á dún pàà, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ á já dànù. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ òótọ́ fún yín, àṣehàn ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ rí lórí fóònù. Lókè níbi tí odò kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, tí igi sì ṣíji bò ó, okùn mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹlòmíì kì í tilẹ̀ jù ú, á kàn rọra gbé e lé omi lórí.

Apá kejì ìbéèrè yín, inú ẹja ni mo ti kà á. Èmi ni mo ń la ikùn gbogbo ẹja tó bá wọ ilé ìdáná yẹn, ọ̀bẹ mi a sì máa ha nǹkan nínú wọn. Mo tú ọ̀kan sínú abọ́ funfun, mo bu omi lé e. Òkúta wẹẹrẹ ni, pupa, dúdú, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra róbótó di ihò tóóró, ìdin kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò náà ń pọ òwú jáde lẹ́nu, òun ló fi ń so òkúta pọ̀ di ilé, tó sì ń wọ́ ilé náà kiri lábẹ́ odò. Trout kò ní sùúrù à ń tú onílé jáde. Á gbé tilé tonílé mì.

Nígbà tí baálé rí abọ́ náà, ó fa àga, ó jókòó tì í. Látìgbà náà, kó tó jáde lọ sódò, á kọ́kọ́ wá bi mí ohun tí wọ́n jẹ lánàá. Alẹ́ ló máa ń di ìwọ̀ rẹ̀, lórí tábìlì tí mo ti ń gé àlùbọ́sà. Ìwọ̀ náà kì í gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Á fi òwú wé e, á fi irun ehoro ṣe ara, á wá fa ìyẹ́ kan yọ láti ọrùn àkùkọ, á yí i ká ọrùn ìwọ̀ kí etí ìyẹ́ náà dúró gán-ín-gán-ín káàkiri. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ le, kì í tètè mu omi, òun ni ìwọ̀ fi ń dúró lórí omi láìrì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Ibi tí pẹ́pẹ́yẹ ti ń fẹnu mú òróró tó fi ń kun ara, ìyẹ́ kéékèèké ibẹ̀ ni wọ́n ń já, nítorí òróró yẹn kì í jẹ́ kó rì. Mo ti tu pẹ́pẹ́yẹ láìníye láyé mi, tí mo ń da ìyẹ́ náà sí ààtàn.

Kòkòrò mìíràn wà tí wọ́n fẹ́ràn láti fara wé jù. Ó ń gbé abẹ́ òkúta nínú omi bí ọdún kan. Bí àkókò bá tó, á léfòó, á bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí omi, á jókòó díẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ, á sì fò. Kò ní ẹnu tó lè fi jẹun mọ́. Á gùn, á yé ẹyin, á kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìgbà tó jókòó tó ń gbẹ ìyẹ́ yẹn ni trout ń dúró dè. Bí wọ́n bá ń jáde lọ́pọ̀, ẹja náà kì í wo oúnjẹ mìíràn lójú. Ẹ ju ekòló tó sanra jù sí i, kò ní yíjú sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kì í fi tú ọ̀pá sílẹ̀ bó bá ti dé etí odò. Á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, á yí òkúta kan, á wo ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, kó tó mọ ìyẹ́ tí yóò so.

Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n àná ni. Ó ti tó 1800 ọdún tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Róòmù pé àwọn ará Makedóníà ń wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìyẹ́ abẹ́ àgbọ̀n àkùkọ méjì sí i. Àkùkọ ti ń jìyà tipẹ́.

*Ìyá wa, ẹja ni mò ń tà lọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Faransé ní àwọn kan ń pa ẹja tán, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á tún dá a padà sómi. Ṣé orí wọn pé? Ṣebí ẹni tó ń wá ohun tí yóò jẹ ló ń lọ sódò.*

Ìyá, ẹ kú ọjà, ajé á wọ̀ ọ́ o. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọlọ́jà bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Abo àrọ̀ kílò kan tó wà lórí àtẹ yín, tó bá ti gbó, ẹyin inú rẹ̀ lè lé ní 30,000. Trout kì í yé bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi 2000 ẹyin ló ń yé fún kílò kan ara rẹ̀, èyí tó wà lórí òkè kì í sì í sábà tó kílò. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju 100 gíráàmù lọ. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé nǹkan bí igba ẹyin ni abo kan ní lọ́dún. Omi tutù, oúnjẹ ibẹ̀ kò pọ̀, òtútù sì ń sé ẹnu ẹja pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó lè gbà á ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Irú ọjà bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tà á tán lónìí, ìgbà wo lẹ ó tún rí òmíràn kó?

Ìjọba ibẹ̀ náà mọ ìṣirò yìí. Ní irú odò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Sátidé kejì oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣí i, Sọ́ńdè kẹta oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń tì í, nítorí ìgbà òtútù ni trout ń fi ìrù gbẹ́ òkúta wẹẹrẹ ìsàlẹ̀ odò tó sì ń yé sí i. Ẹni tí kò bá ra káàdì ìpẹja kò gbọdọ̀ sọ ìwọ̀ sómi. Odò kọ̀ọ̀kan ní iye tí ẹja gbọ́dọ̀ gùn kí wọ́n tó gbé e lọ sílé. Èyí tí kò bá tó, dídá a padà kì í ṣe àánú, òfin ni.

Ìdápadà náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹ̀yìn ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè yọ wẹ́rẹ́. Wọ́n á fi omi ra ọwọ́ kí wọ́n tó di ẹja mú, nítorí ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àrùn, ọwọ́ gbígbẹ a sì máa bó o. Wọn kì í tẹ́ ẹ sórí òkúta gbígbẹ. Wọ́n á gbé e sínú omi, kí orí rẹ̀ kọjú síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, wọ́n á dì í mú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ títí yóò fi fúnra rẹ̀ ju ìrù.

Ní tèmi o, mi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń fa ẹja jáde láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí fọ́tò. Ẹ̀mí ló ń fi ṣeré yẹn. Ẹja méjì fún àwo, kí èèyàn ká okùn rẹ̀ kó máa lọ sílé: ọ̀nà tí baálé wa gbà nìyẹn, òun ni mo fọwọ́ sí. Èyí tó bá sì dé ọ̀dọ̀ mi, màá fi ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, màá dín in nínú bọ́tà. Àwọn àlejò kan a ní kí n sè é nínú omi tí a fi fínígà sí, láìtíì nù ún, láìfọ̀ ọ́. Ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ yẹn á sì sọ awọ rẹ̀ di àwọ̀ aró. Ó dùn ún wò. Ti èmi, ata gígún ni mo bù lé e.

Ẹ̀yin ará ọ̀sà kò sì níí ṣe àìmọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tó ń ri ẹ̀ka igi, akájà tí à ń pè é, mọ́ ọ̀sà Nokoué, ṣé ọjọ́ kejì ni wọ́n ń kó ẹja ibẹ̀? Oṣù máa ń gorí oṣù kí wọ́n tó na àwọ̀n yí i ká.

*Màmá, a jọ ń gbé Sábẹ̀, mi ò sì tíì rí ìwọ̀ lọ́wọ́ yín àfi èyí tí ẹ ń tà. Ṣé ẹ̀yin gan-an pa trout rí, àbí ìdí ìkòkò lẹ ti mọ̀ ọ́n?*

Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá mọ ilé yín, ìyá rẹ á gbọ́.

Mo pa á. Inú oṣù keje ni, nígbà tí òjò dídì orí òkè ti yọ́ tán, tí omi ti fà sílẹ̀ tó sì mọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, nínú oṣù karùn-ún, omi yíyọ́ ń ya wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, kò sẹ́ni tó lè dúró nínú rẹ̀. Baálé ní kí n gbé oúnjẹ ọ̀sán, ká lọ sókè odò Gave d'Ossau, kọjá Laruns, síbi tí mọ́tò kò dé. A fẹsẹ̀ rìn títí oòrùn fi gun orí. Àwọn darandaran wà lọ́nà pẹ̀lú àgùntàn wọn, wọ́n ń fi wàrà rẹ̀ ṣe wàràkàṣì. Ajá funfun ńlá tó ń ṣọ́ agbo kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀ títí a fi gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Òkè onígóńgó méjì kan, Pic du Midi d'Ossau, tó ga tó 2884 mítà, ń wò wá látòkè.

Nígbà tí a sún mọ́ odò, ó ní kí n tú gèlè mi. Aláwọ̀ ìyeyè ni. Ó ní ẹja ti ń rí i láti ìgbà tí a ti ń bọ̀. Odò kì í kún bo ẹja lójú, àwa la ni òwe yẹn, òyìnbó ló ń fi ṣe mí níṣẹ̀ẹ́. Trout máa ń kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀, nítorí oúnjẹ ń bá ìṣàn wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni kò rí dáadáa. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ odò la ti ń gòkè lọ bá a. Mo fi orúnkún rìn lórí òkúta bí ibi tí mítà mẹ́wàá lè mọ. Ẹni tó bá rẹlẹ̀ ṣòro fún ẹja láti rí láti inú omi, ẹni tó bá dúró gbọnrangandan ti lé e lọ.

Ó nawọ́ sí òkúta ńlá kan. Ní iwájú òkúta, omi ń sáré. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, omi dákẹ́. Ní etí ibi tí eré àti ìdákẹ́ ti pàdé, mo rí òjìji kan tó ń mì díẹ̀díẹ̀. Ó dúró síbi tí kò ní fi agbára ṣòfò, eré omi sì ń gbé kòkòrò kọjá níwájú ẹnu rẹ̀. Mo gbé ìyẹ́ náà lé omi, ó jìnnà díẹ̀ sí òkè rẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn mi ti bọ́ sínú omi tó ń sáré, ó sì ń fa ìyẹ́ náà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí omi. Kòkòrò kì í rìn bẹ́ẹ̀. Òjìji náà kò mira. Baálé fọwọ́ gbé apá mi sókè, pé kí okùn má kan omi, kí ìyẹ́ nìkan máa bá omi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń ṣàn lọ gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń lọ. Imú kan yọ, ìyẹ́ sì pòórá.

Èèyàn kò gbọdọ̀ fà á tagbáratagbára, ọ̀rá 0.14 yẹn á já. Mo kàn gbé ọ̀pá. Ó sá wọ abẹ́ òkúta, ó jáde, ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó wá sọ́wọ́ mi. Ìpẹ́ rẹ̀ kéré débi pé mi ò rí i. Ara rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n ta àmì dúdú àti pupa sí i, òrùka funfun sì yí àwọn pupa náà ká. Kò gùn tó òfin, mo dá a padà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mi ò ní ẹsẹ̀ mọ́, òtútù ti gbà á.

*Ìyá, Sábẹ̀ kún fún òkè, àwọn òyìnbó pàápàá ń wá gun àwọn òkúta wa. Odò Ouémé àti Okpara wà lọ́dọ̀ wa. Kí ló dé tí a kò lè gbé trout wá sínú wọn, kí àlejò máa wá náwó níbí?*

Òtútù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn ni ìdáhùn. Bí omi bá ti kọjá ìwọ̀n 20 Sẹ́ńtígíréèdì, ara ń ni trout, kì í fẹ́ jẹun. Bó bá dé 25, ikú dé. Odò tiwa kì í sábà wá sísàlẹ̀ 25. Omi gbígbóná kì í sì í di afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí mú. Lítà omi kan tó wà ní ìwọ̀n 10 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 11 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Tó bá dé ìwọ̀n 30, kò ju bíi méje ààbọ̀ lọ. Àrọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀, á yọrí síta, á gba afẹ́fẹ́ òkè. Trout kò ní in.

Ní ti òkè Sábẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbé bí mi, ṣùgbọ́n òkúta ni, kì í ṣe òtútù. Béèyàn bá gòkè 1000 mítà, afẹ́fẹ́ á fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà tutù sí i. Ibi tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Benin, òkè Sokbaro, 658 mítà péré ni. Àwọn tó rí trout gbé wọ Áfíríkà ní òkè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, 1890 ni ó kọ́kọ́ yè, ní àwọn odò tó ń ṣàn wá láti òkè Drakensberg. Ní Kenya, 1905 ni wọ́n kó o láti Scotland wá sódò orí òkè Aberdare, tí góńgó rẹ̀ ń lọ sí 4000 mítà. Morocco àti Algeria ni kò ya á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: trout ti wà nínú odò òkè Atlas látilẹ̀wá.

Kó o tún mọ èyí. Níbi tí wọ́n kó o dé, kò fi àwọn onílé lọ́rùn sílẹ̀. Ní àwọn odò kan ní Gúúsù Áfíríkà, ó jẹ àwọn ẹja kéékèèké ibẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ náà sì ti di àríyànjiyàn láàárín àwọn tó ń fi í pawó àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹja ìbílẹ̀. Bó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe níbí, èmi ò ní fọwọ́ sí i.

*Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àjàṣẹ́, ilé ìyá mi wà ní Sábẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń lo ọlidé. Ọ̀pá àwọn òyìnbó yẹn wọ́n jù fún mi. Ṣé ohun kan wà tí mo lè fi dán irú ìpẹja yìí wò ní Okpara?*

Ó wà, ó sì wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ. Àwọn ará Japan ń pa ẹja orí òkè tiwọn láìlo ẹ̀rọ tí ń ká okùn, orí ọ̀pá náà ni wọ́n ń so okùn mọ́. Nígbà kan rí, ọparun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá náà. Gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, jẹ́ kó gbẹ dáadáa lábẹ́ òjìji, má sá a sóòrùn, á là. So okùn ọ̀rá tó nípọn díẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, kó gùn tó ọ̀pá náà gan-an, kí o wá so mítà kan ọ̀rá tín-ín-rín mọ́ ọn. Okùn tó bá gùn ju ọ̀pá lọ á dà ọ́ láàmú nígbà tí ẹja bá dé.

Fún ìyẹ́, lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pa adìyẹ lọ́jà, ní kó fún ọ ní ọrùn àkùkọ pupa. Mú ìwọ̀ tó kéré jù tí o bá rí, fi òwú ìránṣọ dúdú wé e, yí ìyẹ́ kan ká ọrùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì so ó pa. Kò ní dára lójú. Ẹja kò bìkítà. Má lọ nígbà òjò, nínú oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá, omi á ti kún, á ti pọ́n, ẹja kò ní rí ohun tí o gbé lé omi. Lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá ti mọ́, ní ìrọ̀lẹ́, kí o wo ibi tí àwọn ẹja funfun kéékèèké ti ń fò já kòkòrò. Àwọn nìyẹn. Ẹpíyà kékeré náà lè gbà á, bí o bá jẹ́ kó rì díẹ̀. Kí o tó jù ú, yí òkúta kan wò.

Ẹ̀ṣọ́ díẹ̀. Nínú omi tó ń sáré láàárín òkúta ni eṣinṣin dúdú kékeré tó ń gbé àrùn afọ́nilójú kiri ti ń yé. Ìdin rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkúta níbẹ̀, trout ń jẹ irú rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ètò ńlá tó gbógun tì í ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1974 sí 2002, tí Benin wà nínú rẹ̀, ti dín àrùn náà kù gan-an, ṣùgbọ́n eṣinṣin náà kò tán. Wọ aṣọ alápá gígùn, bí wọ́n bá sì pín oògùn ivermectin ládùúgbò, gbà á lò. Má wọ inú omi tó dákẹ́ nítorí àtọ̀sí ajá, etí odò ni kí o dúró sí. Má sì lọ láìmú ọmọ ibẹ̀ kan dání, ẹni tó mọ ibi tí ọ̀nì ń yá oòrùn.

Dé fìlà tó bo etí. Ìwọ̀ yìí máa ń gba ẹ̀gbẹ́ orí kọjá, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́, etí ló máa ń gbé. Ìdí nìyẹn tó tún fi yẹ kí o tẹ ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé. Bí o kò bá ní ẹ̀mú, wá sí ìsọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè, màá bá ọ tẹ̀ ẹ́ láìgbowó. Ìwọ̀ ni màá gbowó rẹ̀.